BÍ A ṢE LÈ BÓ Ọ̀DÀ ÀTIJỌ́ KÚRÒ LÁRA ỌKỌ̀ ALUMÍNÍỌ̀MÙ LÁÌBA ỌKỌ̀ NÁÀ JẸ́



Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa bi ara wọn léèrè pé, Kí ni ti ọkọ̀ ojú omi ní Òkè-Ògùn? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn odò tí ènìyàn ń rí láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ju èyí tí a lè ká ṣòkòtò sókè kí a sì là kọjá. Ní ayé àwọn baba wa ìbéèrè náà ìbá tọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, nígbà ìṣèjọba Alhaji Shehu Shagari, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò ní Ìkèrè, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lábẹ́ àbójútó àjọ tí ń ṣe ìtọ́jú Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun. Wọ́n fi erùpẹ̀ mọ odi ńlá dí ojú Odò Ògùn, omi sì gun orí ilẹ̀, ó di adágún tí ó lè gba 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi. Èrò wọn ni kí ó fún wa ní iná mànàmáná, kí ó sì bomi rin oko. Ohun tí a rí gbà nínú ìlérí náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ohun tí a mọ̀ ni pé ibi tí ẹran ń jẹ̀ rí ti di ojú ibú, ọ̀nà tí a ń fẹsẹ̀ rìn rí ti di ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn apẹja wà níbẹ̀, àwọn ará oko ń sọdá, aláìsàn ń sọdá, a sì ń sọdá lọ sí ilé ìjọsìn.

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ ti pákó. Ṣùgbọ́n ìjọ kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa ní etí omi náà rí ọkọ̀ alumíníọ̀mù kan gbà lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, àlòkù ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ni ó kọ́ wa ní ohun tí a fẹ́ sọ, owó ẹ̀kọ́ náà kò sì kéré.

Ìpele ọ̀dà mẹ́rin ni ó wà lára rẹ̀: funfun lókè, lẹ́yìn náà àwọ̀ sánmà, lẹ́yìn náà pupa, àti ìyeyè ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní ìdí ọkọ̀ náà ọ̀dà ti wú bí ìléròrò. Bí a bá fi èékánná tú u, omi díẹ̀ àti lẹ́búlẹ́bú funfun ni ó ń jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ fi ọ̀bẹ ha á fún ọjọ́ méjì, kò gbọ́. Wọ́n fi epo kẹrosíìnì nù ún, kò gbọ́. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wọn, tí ìyá rẹ̀ ń se ọṣẹ, sọ pé kọ́sítíìkì tí a fi ń se ọṣẹ ń bó ọ̀dà lára ilẹ̀kùn onígi, kò sì ní ṣàì bó tiwa. Wọ́n wá bi wá léèrè. Àwa sì dáhùn pé kí wọ́n dán an wò. A kò bi ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ jù wá lọ.

Wọ́n pò ó mọ́ omi nínú korobá, wọ́n sì fi búrọ́ṣì kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kò pẹ́ tí gbogbo ibi tí ọ̀dà ti là fi bẹ̀rẹ̀ sí hó, ó ń ṣe sàà bí epo tí omi kán sí, èéfín tí ń ta ni lọ́fun sì ń ru sókè. Ọ̀dà ń ṣí lóòótọ́, inú àwọn ọmọ náà sì dùn. Ọ̀kan ta á sí ọwọ́, ó jó o dé ẹran. Àpá náà wà lára rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. A gbé e dúró síwájú oòrùn, a sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń yọ láti inú ihò wínníwínní mẹ́tàdínlógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó fi dojú bolẹ̀ lábẹ́ igi, nínú àkókò òjò, tí adágún kún. Ní gbogbo ìgbà náà ọkọ̀ pákó tí ń jò ni a fi ń gbé àwọn aboyún sọdá, tí ẹnìkan ń fi igbá gbọ́n omi ní ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú irin tí èyí jẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí ti ń rọ irin láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, àwọn baba wa mọ bàbà, wọ́n mọ idẹ, wọ́n mọ òjé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tí ì fi ojú rí alumíníọ̀mù, ní ilẹ̀ wa tàbí ní ilẹ̀ Òyìnbó, títí di ọdún 1825 tí Oersted ará Denmark yọ díẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n. Inú erùpẹ̀ ni ó pọ̀ sí ju irin lọ, ṣùgbọ́n ó di ọ́síjìn mú tó bẹ́ẹ̀ tí iná alágbẹ̀dẹ kò lè là wọ́n. Ó wọ́n gan-an nígbà náà. Ní ọdún 1884, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà parí òpó gíga tí wọ́n fi ṣe ìrántí Washington, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi dé orí rẹ̀ bí ohun ẹ̀ṣọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní Faransé, tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tí ì pé ọdún 24, rí ọ̀nà kan náà láti fi agbára mànàmáná yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí a fi ń ṣe ìkòkò àti òrùlé. Ilẹ̀ Guinea ní erùpẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀; ilé iṣẹ́ tí ń yọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Tema ní Ghana ní ọdún 1967 pẹ̀lú iná tí ó ti ìsédò Akosombo wá, a sì ṣí ọ̀kan ní Ikot Abasi ní ilẹ̀ tiwa ní ọdún 1997.

Ìdí tí a fi ń fi í kan ọkọ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta ìwọ̀n irin, àti pé kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á tí kì í fi dípẹtà? Kì í ṣe nítorí pé kò fẹ́ràn ọ́síjìn; gẹ́gẹ́ bí a ti wí, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju irin lọ. Lójú ẹsẹ̀ tí a bá ha á tí ara rẹ̀ hàn, afẹ́fẹ́ a dì mọ́ ọn, a sì di awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí. Bí a bá to ẹgbàárùn-ún irú awọ bẹ́ẹ̀ lé ara wọn, kò nípọn tó irun orí kan. Síbẹ̀ awọ yìí le, kò ní ihò, kì í sì í ṣí kúrò bí ìpẹtà irin ti ń ṣí. Òun ni aṣọ alumíníọ̀mù. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ náà bá wà lára rẹ̀, omi odò kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Àwọn ohun méjì ni ó ń tú aṣọ náà: ohun tí ó kan gan-an bí ásíìdì, àti ohun tí í ṣe òdìkejì rẹ̀, irú bíi omi eérú, kánún, àti kọ́sítíìkì tí ó le jù gbogbo wọn lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti fi kánún se nǹkan nínú ìkòkò alumíníọ̀mù mọ̀ pé inú ìkòkò náà a máa dúdú. Ohun kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni. Nígbà tí kọ́sítíìkì bá tú awọ náà tán, irin ìhòòhò yóò kan omi. Yóò já ọ́síjìn gbà lára omi náà, yóò sì lé háídírójìn jáde, èyí tí í ṣe gáàsì tí ń gba iná. Bí ẹnìkan bá ti tan sìgá nítòsí korobá wa lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Bí ó ti ń hó ni ó ń gbóná sí i, bí ó sì ti ń gbóná sí i ni ó ń jẹ irin náà yára sí i. Dúdú tí a rí ní òwúrọ̀ ni ìyókù àwọn irin mìíràn tí a pò mọ́ ọn, tí kọ́sítíìkì kò lè jẹ. Ilẹ̀kùn onígi kò ní irú ewu yìí, nítorí náà ni ọmọkùnrin yẹn kò ṣe purọ́. Ohun tí ó rí nílé ìyá rẹ̀ ni ó sọ. Ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè ìwádìí síwájú sí i ni àwa.

Ẹnìkan lè wí pé, Bí omi odò kò bá lè ṣe alumíníọ̀mù ní nǹkan kan, èéṣe tí a ó fi yọ ara wa lẹ́nu lórí ọ̀dà? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Bí ọ̀dà bá ṣì dì mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ewu wà níbi tí ó ti wú. Omi wọ abẹ́ ìléròrò náà, kò sì rí ọ̀nà jáde; afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀ tó láti tún aṣọ irin náà ṣe. Omi tí a há mọ́ bẹ́ẹ̀ a máa kan sí i, a sì máa gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí a rí ni ẹran ara ọkọ̀ náà tí ó ti jẹrà. Bí a bá fi ọ̀dà tuntun bò ó, ńṣe ni a fi aṣọ bo egbò tí ń kẹ̀.

Nígbà náà, èéṣe tí ọ̀dà náà fi le tó bẹ́ẹ̀? Oríṣi ọ̀dà méjì ni ó wà. Èkíní dàbí ẹ̀kọ: ó dì nígbà tí omi rẹ̀ gbẹ tàbí tí ó tutù, bí a bá sì tún fi ohun tí ó kọ́kọ́ pò ó pò ó, yóò tún rọ̀. Èkejì dàbí ẹyin sísè. Ohun olómi méjì ni a pò pọ̀, wọ́n sì yí ara wọn padà, wọ́n so ara wọn bí okùn àwọ̀n. Kò sí bí a ṣe lè se ẹyin tí ó ti dì kí ó tún di ẹyin tútù. Irú èyí ni wọ́n ń kùn sí ọkọ̀ ojú omi, òun ni wọ́n ń pè ní epoxy. Tínà àti kẹrosíìnì kò lè tú u. A lè mú un wú nìkan, kí ó fi ara irin sílẹ̀.

Kí a tó sọ ọ̀nà tí ó dára, ẹ jẹ́ kí a sọ àwọn tí kò dára, nítorí àwọn ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbà yín nímọ̀ràn. A ti sọ ti kọ́sítíìkì. Ásíìdì bátìrì náà kò yàtọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ yóò sọ pé kí a fi iná jó o, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́ bí ó bá jẹ́ irin ni, nítorí irin a máa pọ́n kí ó tó rọ̀, ojú alágbẹ̀dẹ a sì rí i. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bí ó ti rí nígbà tí ó tutù ni ó ń rí títí yóò fi yọ́ lójijì, ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kódà kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà díẹ̀ sí i, ní nǹkan bí 350, líle tí wọ́n fi òòlù àti ẹ̀rọ sí i lára nígbà tí wọ́n ń ṣe é ti lọ, ọkọ̀ yóò sì máa tẹ̀ bí agolo. Iná gáàsì tí ń jó ọ̀dà gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Èéfín ọ̀dà náà sì jẹ́ májèlé.

Búrọ́ṣì onírin kò dára, nítorí ó ń fi ẹ̀rúnrún irin sílẹ̀ nínú ara alumíníọ̀mù, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Ẹ̀rọ tí ń yí bírí láti fi lọ irin a máa jẹ ara pátákó tín-ín-rín kí ẹni tí ó dì í mú tó mọ̀. Fífẹ́ iyanrìn lù ú a máa mú un dẹ́gbẹ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń lo èèpo èso lílọ̀ dípò iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kò wọ́pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa.

Àti eruku. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ọ̀dà àtijọ́ òjé wà. Ìyeyè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wa sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti zinc chromate, èyí tí a ti ń kùn sí alumíníọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì ti mọ̀ nísinsìnyí pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. A kò lè fi ojú mọ ọ̀dà tí ó ní òjé. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú nítorí pé a ń lọ òkúta wúrà tí ó ní òjé nínú ní àgbàlá ilé. Kì í ṣe ọ̀dà ni èyí, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, eruku kan náà ni, ọmọdé a sì máa fi ọwọ́ kan náà jẹun. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi pépà ìfági gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́. Ẹ máa bu omi sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí aboyún súnmọ́ ibẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí a gbà tún ẹ̀gbẹ́ òsì ṣe, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ọkọ̀ ní Èkó ti kọ́ wa. Ohun ìbọ́dà tí a ń rà nínú agolo pọ̀ ní ọjà. Èyí tí ó yára jù, tí wọ́n fi methylene chloride ṣe, kì í jẹ alumíníọ̀mù ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀; ní Amẹ́ríkà wọ́n fòfin de títà rẹ̀ fún ará ìlú ní ọdún 2019, wọ́n sì tún mú òfin náà le ní ọdún 2024. Èyí tí wọ́n fi benzyl alcohol ṣe lọ́ra, ṣùgbọ́n kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó rà á. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára fún alumíníọ̀mù, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n fi kọ́sítíìkì tàbí ásíìdì sí nínú láti mú un yára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kà, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ìta gbangba ni a ti ṣe é, lábẹ́ òjìji, ní òwúrọ̀, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa a máa mú ohun ìbọ́dà gbẹ kí ó tó wọlé. A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú. A kùn ún nípọn bí ẹni tí ń ta ẹ̀kọ sórí ewé, a kò sì tún fi búrọ́ṣì padà sórí rẹ̀. A fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọ̀dà náà ti ká jọ bí awọ orí wàrà. Ohun tí a fi ha á kúrò ni ohun tí àwọn ìyá wa fi ń ha ìkòkò, àfọ́kù igbá, àti igi tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ; wọ́n rọ̀ ju alumíníọ̀mù lọ, wọn kò sì lè dá ọgbẹ́ sí i lára. Ìpele méjì ni ó ṣí ní ìgbà àkọ́kọ́. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀bá àwọn ìṣó tí ó dì í pọ̀, búrọ́ṣì onírun líle ni a lò. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó gbà wá, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé kọ́sítíìkì yára ju èyí lọ.

Gbogbo ohun tí a ha sílẹ̀ ni a kó sínú agolo tí ó ní ìdérí. A kò da ìkankan sínú adágún, nítorí ẹja ibẹ̀ ni a ń jẹ.

Nípa kíkùn ún padà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe kùn ún rárá bí ó bá jẹ́ omi odò ni. Aṣọ tí Ẹlẹ́dàá fi wọ̀ ọ́ tó o. Ọ̀dà tí a fi bàbà sí nínú, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ń fi pa ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, léwu púpọ̀ fún alumíníọ̀mù: bí omi bá wà láàrin bàbà àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà nítorí èkejì. Ìdí kan náà ni kì í fi í dára láti fi ìṣó idẹ kàn án. Òmíràn tí wọ́n ń lò, tí wọ́n fi tánganran ṣe, ni àdéhùn gbogbo ayé tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2008 ti fòfin dè. Adágún Ìkèrè kò ní ohun òkun tí ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ewédò nìkan ni, búrọ́ṣì àti omi sì tó o.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kùn ún, nítorí kí a lè rí i láti òkèèrè, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi tínà àti àkísà mímọ́ nù ún, kí ẹ sì fi pépà ìfági àti omi ha á díẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Láàrin wákàtí mélòó kan ni kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún alumíníọ̀mù kùn ún, kí eruku àti ọ̀rá ọwọ́ tó bà á. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́. A ṣe é nígbà ọyẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú ọkọ̀ náà sì dàbí ẹni pé wọ́n da gàrí sí i.

Ẹni tí ń jó alumíníọ̀mù ní Ìsẹ́yìn dí ihò mẹ́tàdínlógún náà pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ mẹ́rin. Ọkọ̀ ti padà sínú omi. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń dán bí ike fàdákà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì dúdú, ó rí págunpàgun, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì máa ń fi ọwọ́ tọ́ ọ bí wọ́n bá ń wọlé, wọ́n a ní, Ẹ̀gbẹ́ ti Àlùfáà nìyí.